Ògiri Létí: Ẹ̀rọ Ayọ́gbọ́rọ̀ Ọlọ́pàá àti Òfin Àṣírí ní Amẹ́ríkà

Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ògiri létí. Ìkìlọ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí jẹ́ fún ẹni tó ń sọ̀rọ̀ àṣírí. Lóde òní, ó ti kọjá àfiwé, nítorí pé àwọn agbófinró ní ẹ̀rọ tó ń sọ ògiri di etí ní ti gidi. Iṣẹ́ yìí ṣàlàyé bí irú ẹ̀rọ ayọ́gbọ́rọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe yí ìtumọ̀ àṣírí padà nínú òfin Amẹ́ríkà. Àtúnṣe Kẹrin sí ìwé òfin orílẹ̀-èdè náà, tó di òfin ní 1791, kò gba ìjọba láyè láti tú ara, ilé tàbí ìwé ẹnikẹ́ni láìsí ìdí tó gúnmọ́. Ìbéèrè tó wá jẹyọ ni pé: ṣé gbígbọ́ ọ̀rọ̀ ẹni jẹ́ títú ilé ẹni?

Òfin tó ń wo ògiri

Ní 1928, nínú ẹjọ́ Olmstead, ẹni tó ń ta ọtí nígbà tí òfin kà á léèwọ̀, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dáhùn pé rárá. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba so wáyà tín-ín-rín mọ́ wáyà tẹlifóònù láìwọ ilé tàbí ọ́fíìsì afurasí. Adájọ́ 5 ní níwọ̀n ìgbà tí wọn kò wọlé, wọn kò rú òfin. Adájọ́ 4 takò wọ́n. Ọ̀kan nínú àwọn 4 náà, Louis Brandeis, kìlọ̀ pé ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì kò ní dúró lórí wáyà nìkan.

Ìkìlọ̀ náà ṣẹ. Nínú ẹjọ́ Goldman ní 1942, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba gbé ẹ̀rọ kan tó ń jẹ́ detectaphone ti ògiri yàrá tó kángun sí ọ́fíìsì afurasí. Bí ènìyàn bá ń sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ a máa mú ògiri gbọ̀n lọ́nà tí ojú kò lè rí. Ìgbọ̀n yìí ni ẹ̀rọ náà ń sọ di ohùn padà. Ilé-ẹjọ́ ní kò burú, nítorí pé ẹ̀rọ náà kò la ògiri kọjá.

Nínú ẹjọ́ Silverman ní 1961, ọlọ́pàá ní Washington wà nínú ilé òfìfo tó fara ti ilé afurasí. Wọ́n ki irin ṣóńṣó tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà kan bọ inú ògiri títí ó fi kan ihò irin tí afẹ́fẹ́ gbígbóná ń gbà káàkiri ilé náà. Báyìí ni gbogbo ihò náà ṣe di etí, tí ọ̀rọ̀ òkè àti ìsàlẹ̀ ilé ń dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá. Gbogbo adájọ́ gbà pé wọ́n rú òfin. Síbẹ̀, ìyàtọ̀ láàárín ẹjọ́ méjèèjì kò ju pé irin wọlé, detectaphone kò wọlé. Ohun kan náà ni àwọn tí wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn pàdánù.

Òfin tó ń wo ènìyàn

Ní 1965, FBI so ẹ̀rọ gbohùngbohùn mọ́ òde àgọ́ tẹlifóònù ìta gbangba ní Los Angeles, níbi tí Katz ti ń fi tẹlifóònù ṣòwò tẹ́tẹ́. Ní 1967, adájọ́ 7 sí 1 dá a láre. Wọ́n ní ènìyàn ni òfin ń dáàbò bò, kì í ṣe ibi tó dúró sí. Ilé-ẹjọ́ gbà pé àwọn òṣìṣẹ́ náà kó ara wọn níjàánu, ṣùgbọ́n wọn kò kọ́kọ́ gba àṣẹ lọ́wọ́ adájọ́.

Òfin 1968 wá là á sílẹ̀ pé ọlọ́pàá gbọ́dọ̀ fi hàn pé ọ̀nà mìíràn kò ṣeé gbà. Àṣẹ kan kò sì gbọdọ̀ ju ọjọ́ 30 lọ kí wọ́n tó tún un gbà. Òfin náà ka ṣíṣe àti títa ẹ̀rọ ayọ́gbọ́rọ̀ léèwọ̀, àyàfi fún ìjọba, àwọn tó bá ìjọba ṣàdéhùn, àti àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù. Ṣùgbọ́n ààbò yìí kò kan ẹni tó finú han amí tó gbé ẹ̀rọ pamọ́ sára, gẹ́gẹ́ bí ẹjọ́ White ti fi hàn ní 1971.

Ìgúnlẹ̀

Abala 37 ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 náà dáàbò bo ilé, ìwé àti ọ̀rọ̀ tẹlifóònù ọmọ orílẹ̀-èdè. Olùkọ́ tó bá ń kọ́ni ní abala yìí lè fi àwọn ẹjọ́ wọ̀nyí ṣe àpẹẹrẹ. Bí ẹ̀rọ ṣe ń kéré sí i, ìbéèrè náà kì í ṣe bóyá ọlọ́pàá wọlé mọ́, bí kò ṣe ta ló fún un láṣẹ, nítorí kí ni, àti fún ọjọ́ mélòó.