Ta Ló Ṣí Ẹnu Ọ̀sà Èkó? Òótọ́ àti Irọ́ nípa Èbúté Wa

Ẹ bi ọmọ àdúgbò Pedro ní Bàrígà pé ibo lèèyàn lè mú àlejò lọ wo èbúté, á ní kẹ́ ẹ wọ dánfó, kẹ́ ẹ gba orí Third Mainland Bridge lọ sí CMS. Bẹ́ẹ̀, omi ò jìnnà sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Irú àìmọ̀ yìí pọ̀ lórí ọ̀rọ̀ èbúté Èkó, ó sì ń dùn mí, torí omi ló gbé ìlú yìí dé ibi tó dé.

Irọ́: Bàrígà ò ní èbúté, omi ìdọ̀tí lásán ló wà níbẹ̀.

Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ kò tíì dé etí omi Ìlàjẹ ní Bàrígà láàárọ̀. Àwọn Ìlàjẹ tó wá láti etíkun Oǹdó àti àwọn Ègùn ń pẹja níbẹ̀, àwọn obìnrin ń yan án. Àwọn tó ń wa iyanrìn náà wà níbẹ̀: ọkùnrin á di àkàsọ̀ mú, á rì wọnú ọ̀sà tòun ti bákẹ́ẹ̀tì, á yọrí, á da iyanrìn sínú ọkọ̀, á tún padà sísàlẹ̀, títí ẹnu ọkọ̀ á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bá omi dọ́gba. Bí wọ́n bá ń bọ̀ wálé, ìgbòkun tí wọ́n fi àpò àlòkù rán pọ̀ ni afẹ́fẹ́ máa ń fẹ́. Omi ọ̀hún pàápàá kì í dúró bákan náà. Lójò, odò Ògùn á da omi dídùn sínú ọ̀sà, ewéko orí omi á bo gbogbo rẹ̀, á máa lọ́ mọ́ ẹ́ńjìnnì bóòtù. Lẹ́ẹ̀rùn, omi iyọ̀ á ti òkun wọlé, á sì pa ewéko náà.

Irọ́: Ọlọ́run ló dá èbúté Èkó bó ṣe wà yìí, ọkọ̀ kàn ń wọlé ni.

Eléyìí ló tàn kálẹ̀ jù. Ọlọ́run dá ọ̀sà lóòótọ́, ṣùgbọ́n iyanrìn ló dí ibi tí ọ̀sà ti pàdé òkun. Ṣáájú 1908, òkìtì iyanrìn abẹ́ omi yẹn kì í jẹ́ kí omi jìn ju nǹkan bíi mítà 3 sí 4 lọ, kì í sì í dúró sójú kan. Ọkọ̀ ńlá tó ti Liverpool bọ̀ ò lè kọjá. Forcados, létí odò tó wà ní ìsàlẹ̀ Ọya, ló máa ń já ẹrù Èkó sí, kí àwọn ọkọ̀ kéékèèké tó lọ kó o wá. Ẹrù á kọjá ilé, á tún padà wá sílé, ẹni tó ń ra ọjà ló sì ń san owó ìrìn náà.

Ní 1908 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to ògiri òkúta wọnú òkun, ọ̀kan lápá ìlà-oòrùn, òmíràn lápá ìwọ̀-oòrùn, kí omi tó ń wọlé tó ń jáde láàárín wọn lè máa fi agbára gbá iyanrìn lọ. Àbẹ́òkúta ni wọ́n ti fọ́ òkúta, rélùwéè ló gbé e wá. Nígbà tó fi máa di 1914, ọkọ̀ òkun ńlá ti ń wọlé. Wọ́ọ̀fù Àpápá tẹ̀lé e, wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1921, wọ́n parí rẹ̀ ní 1926. Èbúté Tin Can Island dé ní 1977, lẹ́yìn tí ọkọ̀ sìmẹ́ńtì ti dí ẹnu omi pa ní 1975. Ti Lẹ́kí, tí wọ́n ṣí ní oṣù Kìíní 2023, jìn tó mítà 16.5.

Irọ́: Olókun ló bínú tí òkun fi jẹ ilẹ̀ ní Bar Beach.

Mi ò bá ẹni tó ń bọ Olókun jà. Ṣùgbọ́n ìgbì etíkun wa máa ń kó iyanrìn láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn. Nígbà tí ògiri òkúta dé, iyanrìn há sápá ìwọ̀-oòrùn, Lighthouse Beach sì ń fẹ̀ sí i. Bar Beach tó wà lápá kejì ò rí iyanrìn gbà mọ́, ìgbì sì ń kó èyí tó ní lọ. Ìjọba da iyanrìn síbẹ̀ léraléra, òkun gbé e lọ, omi sì ń ya bo Ahmadu Bello Way. Lórí ilẹ̀ tí òkun ti gbé lọ yẹn ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í da iyanrìn Eko Atlantic ní 2009, sẹ́yìn ògiri tuntun. Àwọn ará Òkun Alfa, níwájú lápá ìlà-oòrùn, ń ké pé òkun ń wọ ilé àwọn. Ìdí tí irọ́ yìí fi ń bí mi nínú nìyẹn: bí a bá ti di ẹ̀bi ru Olókun, kò sẹ́ni tó máa bi ẹni tó ń mọ ògiri pé ibo ni iyanrìn tó dá dúró yóò gbà.

Irọ́: Etíkun Tarkwa Bay ti wà láti ayébáyé.

Ògiri kan náà ló bí i. Iyanrìn kó jọ sí kọ̀rọ̀ tí òkúta dá, ìgbì ò sì le níbẹ̀ tó bó ṣe le lójú òkun gbalasa. Ìgbafẹ́ ló gbé orúkọ rẹ̀ jáde, ṣùgbọ́n èèyàn ń gbé ibẹ̀ pẹ̀lú: ní oṣù Kìíní 2020, àwọn ológun ojú omi lé ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn kúrò nílé. Kò sí títì tàbí afárá tó dé ibẹ̀. Bóòtù lẹ máa wọ̀ ní CMS, ẹ ó sì rí àwọn ọkọ̀ òkun tó dúró ní Àpápá lójú ọ̀nà. Wọ́ọ̀fù fúnra rẹ̀ ò ṣeé wọ̀ láìgba àṣẹ.

Irọ́: Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n wẹ̀ ò nílò láìfù-jákẹ́ẹ̀tì.

Bí bóòtù bá dojú dé, tí igi sì gbá òmùwẹ̀ lórí, ìwẹ̀ rẹ̀ ti parí. Ẹ gba jákẹ́ẹ̀tì, ẹ so gbogbo okùn rẹ̀, ẹ má gbé e lé itan. Bí ọlọ́kọ̀ bá ń kó èrò lé èrò, ẹ sọ̀ kalẹ̀, kí owó yín gbé. Òfin ò fàyè gba ìrìn alẹ́ lórí omi, nítorí náà, kẹ́ ẹ tó sọ̀ ní Tarkwa Bay, ẹ béèrè aago tí bóòtù ìkẹyìn máa padà sí CMS.