Líìgì tí ẹnikẹ́ni kì í jókòó wòran: bí àwọn òbí ṣe gbé eré ìje kẹ̀kẹ́ orí òkè wọ ilé-ìwé Amẹ́ríkà

Ní oṣù Keje ọdún 2024, lórí òkè Élancourt tí kò jìnnà sí ìlú Paris, ọmọbìnrin ará Amẹ́ríkà kan, Haley Batten, gba àmì-ẹ̀yẹ fàdákà nínú eré ìje kẹ̀kẹ́ orí òkè ti Olympics. Ọdún 1996 ni eré yìí ti wọ Olympics, kò sì sí ará Amẹ́ríkà kankan, lọ́kùnrin lóbìnrin, tó gba ju idẹ lọ rí kí Batten tó dé. Nígbà tí Batten wà nílé-ìwé ní ìpínlẹ̀ Utah, ó ti díje nínú líìgì àwọn akẹ́kọ̀ọ́, líìgì tí àwọn bàbá, ìyá àti tíṣà ti ń bá ọmọ gun kẹ̀kẹ́ wọ inú igbó bí ilé-ìwé bá ti parí.

Àjọ tó kó irú àwọn líìgì bẹ́ẹ̀ pọ̀ ni National Interscholastic Cycling Association, tí wọ́n ń pè ní NICA. Kì í ṣe àjọ ìjọba, kì í sì í ṣe ilé-iṣẹ́ tó ń wá èrè. Líìgì tó wà lábẹ́ rẹ̀ ti lé ní 30, àwọn ọmọ tó ń kópa sì ti lé ní 20,000, láti kíláàsì kẹfà títí dé kíláàsì kejìlá. Àwọn àgbàlagbà tó ń kọ́ wọn lé ní 10,000, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ni kì í gba kọ́bọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ń wádìí bí eré tí kò gbajúmọ̀ tó bọ́ọ̀lù ṣe rí ẹsẹ̀ múlẹ̀ bẹ́ẹ̀ láàárín ọmọ ilé-ìwé, ọ̀dọ̀ àwọn àgbàlagbà yìí ni kó ti bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rẹ́ ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀

Àgbègbè Marin, ní àríwá ìlú San Francisco, ni eré ìje kẹ̀kẹ́ orí òkè ti gbilẹ̀. Láàárín ọdún 1970 sí 1980, àwọn ọ̀dọ́ kan níbẹ̀ ń ṣa àwọn kẹ̀kẹ́ àtijọ́ jọ, àwọn onítáyà ńlá tí wọ́n ti ṣe láti nǹkan bí ọdún 1930, wọ́n á tún wọn ṣe, wọ́n á sì máa fi wọ́n sáré sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹwàá ọdún 1976, wọ́n ṣe eré ìje àkọ́kọ́ ní ọ̀nà kan tí wọ́n ń pè ní Repack, nítòsí ìlú kékeré Fairfax. Ọ̀nà náà kò ju nǹkan bíi kìlómítà mẹ́ta lọ, ṣùgbọ́n láti òkè dé ìsàlẹ̀ rẹ̀ tó 400 mítà. Inú họ́ọ̀bù ẹ̀yìn ni bíréèkì kẹ̀kẹ́ wọn wà. Kí wọ́n tó dé ìsàlẹ̀, gíríìsì inú rẹ̀ á ti gbóná títí á fi máa rú èéfín, wọ́n á sì ní láti tú họ́ọ̀bù náà, kí wọ́n ki gíríìsì tuntun sí i, kí kẹ̀kẹ́ náà tó ṣeé gùn padà.

Charlie Kelly, Gary Fisher, Joe Breeze àti Tom Ritchey wà lára àwọn ọ̀rẹ́ yìí. Ní ọdún 1977, Breeze fi ọwọ́ ara rẹ̀ jó férémù kẹ̀kẹ́ tó jẹ́ pé torí orí òkè gan-an ni wọ́n ṣe ṣe é. Ní ọdún 1979, Fisher àti Kelly dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n ń ta kẹ̀kẹ́ tí Ritchey ṣe férémù rẹ̀. Nígbà tó fi di ọdún 1981, ilé-iṣẹ́ Specialized ti gbé kẹ̀kẹ́ Stumpjumper jáde, ó sì di pé ẹni tó bá ní owó lè wọ ṣọ́ọ̀bù kó ra kẹ̀kẹ́ orí òkè. Ní ọdún 1990, ìlú Durango ní ìpínlẹ̀ Colorado gbàlejò ìdíje àgbáyé àkọ́kọ́ tí àjọ kẹ̀kẹ́ àgbáyé, UCI, fọwọ́ sí. Lẹ́yìn ọdún mẹ́fà, eré náà wọ Olympics ní Atlanta.

Pẹ̀lú gbogbo òkìkí yìí, ilé-ìwé kò tíì rí ti eré náà rò. Ọmọ tó mọ bọ́ọ̀lù gbá ní ẹgbẹ́, ó ní kóòṣì, ó ní aṣọ tí orúkọ ilé-ìwé rẹ̀ wà lára rẹ̀. Ọmọ tó fẹ́ràn kẹ̀kẹ́ kò ní nǹkan kan.

Tíṣà ìṣirò ní Berkeley

Ẹni tó wá nǹkan ṣe sí i ni Matt Fritzinger, tó ń kọ́ni ní ìṣirò nílé-ìwé girama Berkeley High ní California. Ní ọdún 1998, ohun tó ní lọ́kàn ni láti dá ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gun kẹ̀kẹ́ ojú títì sílẹ̀, àmọ́ kẹ̀kẹ́ orí òkè ni àwọn ọmọ tó wá gbé dání. Fritzinger gba ohun tí wọ́n gbé wá, ó sì kó wọn lọ sórí òkè. Nígbà tó di ọdún 2001, òun àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ti dá líìgì sílẹ̀ fún àwọn ilé-ìwé ní àríwá California. Gúúsù California tẹ̀ lé wọn. Ní ọdún 2009, wọ́n dá NICA sílẹ̀ kí ìpínlẹ̀ míì tó bá fẹ́ irú rẹ̀ má baà máa bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Colorado wọlé, Utah bẹ̀rẹ̀ eré tirẹ̀ ní ọdún 2012, lónìí Utah ni líìgì tí èrò pọ̀ sí jùlọ.

Gbogbo ọmọ ló ń díje

Nínú bọ́ọ̀lù, ọmọ 11 ló ń wọ pápá. Àwọn yòókù á máa wò títí kóòṣì á fi pè wọ́n, ẹlòmíì á sì parí sáà láìfi ẹsẹ̀ kan pápá. Ohun tí NICA dì mú jùlọ ni pé irú èyí kò gbọdọ̀ ṣẹlẹ̀ nínú líìgì rẹ̀. Ọmọ tó bá ti forúkọ sílẹ̀ ti di ẹni tó lè díje. Ọmọ tó ti ń gun kẹ̀kẹ́ láti ọmọdé àti èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ, ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń gbà, kìkì pé wọ́n pín wọn sí ìsọ̀rí gẹ́gẹ́ bí kíláàsì wọn àti bí wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n gùn tó. Àyíká ọ̀nà ìje kan kì í sábà ju kìlómítà 10 lọ. Àwọn kékeré lè yí i lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì, àwọn tó ti dàgbà, tó sì yára jù, á yí i jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Bí wọ́n ṣe ń ka máàkì náà bá èrò yìí mu. Ẹni tó bá parí eré ní máàkì tirẹ̀, wọ́n á sì ro máàkì iye ọmọ kan pọ̀ fún ilé-ìwé. Ṣùgbọ́n gbèdéke wà fún iye ọkùnrin tàbí obìnrin tí máàkì wọn lè wọ inú àròpọ̀ náà, tó fi jẹ́ pé ilé-ìwé tó bá kó ọkùnrin nìkan wá kò lè ní àròpọ̀ tó pé. Kóòṣì tó bá fẹ́ gba ife-ẹ̀yẹ ní láti wá àwọn ọmọbìnrin lọ, kó sì ṣe ohun tí wọn ò fi ní sá lọ. Ní ọdún 2018, NICA tún dá ètò GRiT sílẹ̀, èyí tó ń kó àwọn ọmọbìnrin jọ láti jọ gun kẹ̀kẹ́, tó sì ń rọ àwọn obìnrin pé kí wọ́n wá di kóòṣì. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀, torí ọmọbìnrin tó bá rí obìnrin tó ń gun òkè níwájú rẹ̀ kò nílò ìwàásù púpọ̀ mọ́.

Òbí tó di kóòṣì

Iṣẹ́ kóòṣì nínú líìgì yìí kì í ṣe ti ẹni tó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá tó ń fọn fèrè. Kóòṣì ń gun kẹ̀kẹ́, àwọn ọmọ ń gun kẹ̀kẹ́, òógùn kan náà ló ń bo gbogbo wọn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ òbí tó kọ́kọ́ wá gbé ọmọ sílẹ̀ lásán, tí wọ́n wá rí i pé ọwọ́ kò tó, tí àwọn náà sì lọ wá kẹ̀kẹ́. Ṣùgbọ́n jíjẹ́ òbí nìkan kò tó. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe kóòṣì gbọ́dọ̀ jẹ́ kí wọ́n wádìí ìwà rẹ̀ àtẹ̀yìnwá, kó sì mọ àmì tó ń fi hàn pé ọpọlọ ọmọ tó ṣubú ti mì. Ìpele mẹ́ta ni ìwé àṣẹ kóòṣì pín sí, bí ìpele ṣe ń ga ni ẹ̀kọ́ rẹ̀ ń pọ̀ sí i.

Bí wọ́n bá ń wọ inú igbó, ó kéré tán àgbàlagbà méjì gbọ́dọ̀ wà pẹ̀lú àwọn ọmọ. Ọ̀kan á ṣáájú, á máa wo bí ọ̀nà ṣe rí. Èkejì á wà lẹ́yìn pátápátá, kò sì gbọdọ̀ fi ọmọ tó lọ́ra jù sílẹ̀, ì báà jẹ́ pé ṣéènì já, ì báà jẹ́ pé omi ojú ló ń bọ́ lójú rẹ̀. Bí ọmọ bá ti gbé ẹsẹ̀ lé kẹ̀kẹ́ báyìí, akoto gbọ́dọ̀ wà lórí rẹ̀. Láti ọdún 2018 ni àwọn kóòṣì ti ń kọ gbogbo ìfarapa sílẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Utah. Ohun tí wọ́n rí kọ́ ńbẹ̀ ni pé ibi ìsọ̀kalẹ̀ ni ìṣubú tó léwu ti wọ́pọ̀ jù. Kóòṣì tó gbọ́n mọ̀ pé bíréèkì títẹ̀ àti bí a ti í dúró lórí pẹ́dà ló yẹ kí òun kọ́kọ́ fi kọ́ ọmọ, kí òun tó wá sọ̀rọ̀ eré sísá.

Lọ́jọ́ ìje, iṣẹ́ á kan àwọn òbí tí kò mọ kẹ̀kẹ́ gùn. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan á ta àgọ́, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan á wọ aṣọ tirẹ̀ bí ìgbà tí ẹbí bá wọ ankara kan náà lọ sóde ìnáwó. Àwọn kan á máa dáná, àwọn kan á dúró síbi tí ọ̀nà ti yà kí ọmọ má baà ṣìnà, àwọn míì á máa kọ nọ́ńbà àwọn tó ń kọjá. Ọ̀pọ̀ ẹbí ló ń sùn síbi ìje láti ọjọ́ tó ṣáájú. Ọmọ tó dé gbẹ̀yìn á gbọ́ ariwo orúkọ rẹ̀ láti ẹnu àwọn òbí tí kì í ṣe tirẹ̀.

Nínú àwọn ọmọ tí òbí bá gun kẹ̀kẹ́, Kate Courtney ni ẹni tí àpẹẹrẹ rẹ̀ hàn gbangba jù. Ìsàlẹ̀ òkè Tamalpais ní Marin ló dàgbà sí, orí kẹ̀kẹ́ oníjókòó méjì ni bàbá rẹ̀ sì ti kọ́kọ́ ń gbé e kiri òkè náà. Nígbà tó di ọmọ girama, ó wọ líìgì àríwá California. Ní ọdún 2018, ó gba ipò kìíní àgbáyé ní Lenzerheide, orílẹ̀-èdè Switzerland. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Durango náà ní ọ̀nà tirẹ̀. Níbẹ̀, Chad Cheeney àti Sarah Tescher dá ẹgbẹ́ Durango Devo sílẹ̀ ní ọdún 2006. Ọmọ ọdún méjì tó ṣì ń fi ẹsẹ̀ ti kẹ̀kẹ́ tí kò ní pẹ́dà lè wọ ẹgbẹ́ náà. Eré ìdárayá ni wọ́n ń fi í ṣe fún ọdún púpọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ ìje fún un. Inú ẹgbẹ́ yìí ni Christopher Blevins, tó gba ìdíje àgbáyé ti ọ̀nà kúkúrú ní ọdún 2021, àti Sepp Kuss, tó gba Vuelta, eré ìje kẹ̀kẹ́ ojú títì ilẹ̀ Sípéènì, ní ọdún 2023, ti jáde. Kò sí ẹni tó lè sọ pé ṣíṣe jẹ́jẹ́ pẹ̀lú ọmọdé ń dí i lọ́wọ́ láti dé ibi gíga.

Ohun tó ṣì nira

Ìṣòro kìíní ni owó. Kẹ̀kẹ́ orí òkè tó dára wọ́n, gíà rẹ̀ wọ́n, táyà rẹ̀ sì ń jẹ. Àwọn líìgì ní kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń yá ọmọ, wọ́n sì ń ran àwọn tí kò lówó lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ilé-ìwé àdúgbò olówó ṣì ni ẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń tètè dúró. Líìgì tó ní òun kò fi ẹnikẹ́ni sílẹ̀ gbọ́dọ̀ máa bi ara rẹ̀ nípa ọmọ tí kò tilẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà.

Ìkejì ni ilẹ̀. Láti ọdún 1984 ni òfin ti sọ ọ́ kedere pé kẹ̀kẹ́ kò gbọdọ̀ wọ àwọn igbó ìjọba tí òfin Wilderness ti ọdún 1964 dáàbò bò. Ní Marin tí eré náà ti gbilẹ̀ gan-an, ìjà wà láàárín àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn, àwọn tó ń gun ẹṣin àti àwọn oníkẹ̀kẹ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn ẹgbẹ́ kan ní California fi dá IMBA, àjọ àwọn oníkẹ̀kẹ́ orí òkè, sílẹ̀ ní ọdún 1988, láti máa kọ́ oníkẹ̀kẹ́ ní ìwà ọ̀nà: yà fún ẹni tó ń rìn, yà fún ẹṣin, bí o bá ń sọ̀kalẹ̀, yà fún ẹni tó ń gòkè. NICA ti mú èyí wọ inú ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ó ní ètò tí àwọn ọmọ fi ń gbé ṣọ́bìrì àti ọkọ́ lọ tún ọ̀nà inú igbó ṣe, kí wọ́n lè mọ̀ pé ọ̀nà tí wọ́n ń gbádùn, ènìyàn ló là á.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa náà. Àwọn Yorùbá tó ń gbé ní Houston àti Atlanta kò kéré, líìgì sì wà ní Texas, ó wà ní Georgia. Ọ̀pọ̀ nínú wa ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru, a sì rò pé owó ilé-ìwé nìkan ni ọmọ ń fẹ́ lọ́wọ́ wa. Ẹ lọ béèrè bóyá ilé-ìwé ọmọ yín ní ẹgbẹ́. Bí ó bá ní, ẹ má kàn gbé ọmọ sílẹ̀ kí ẹ wa mọ́tò lọ. Ẹni tí kò mọ kẹ̀kẹ́ gùn lè dúró síbi tí ọ̀nà ti yà, ẹni tó mọ oúnjẹ sè lè dáná lábẹ́ àgọ́. Bí ó bá sì jẹ́ pé ilé-ìwé náà kò ní ẹgbẹ́, ẹ rántí pé tíṣà kan ṣoṣo ló bẹ̀rẹ̀ ti Berkeley.