Ọjọ́ Kan ní Àkrá àti Kọ́kọ́rọ́ Ìyá Àgbà

Àwọn àgbà a máa wí pé ọmọ tí kò dé oko bàbá ẹlòmíràn rí ni ń sọ pé kò sí oko tí ó tóbi tó ti bàbá òun. Òtítọ́ ọ̀rọ̀ yìí yé mi nígbà tí mo gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́ akọ̀wé mi, tí mo gbéra láti Ìwó lọ kí ọ̀rẹ́ mi kan ní Àkrá, olú ìlú Gánà. Ilé ẹ̀kọ́ míṣọ́n kan náà ni a jọ lọ. Ó sì ti tó ogún ọdún tí ó ti ń ta aṣọ lọ́hùn-ún.

Bí ó ti ku ọ̀la tí n ó lọ, ìyá rẹ̀ ránṣẹ́ pè mí. Màmá ti lé ní ẹni ọgọ́rin ọdún. Ó tú etí ìró rẹ̀, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ irin kan tí ó ti dípẹtà lé mi lọ́wọ́. Ó ní, “Ọmọ mi, kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀ nì yí. Fi hàn án, kí o sì sọ fún un pé mo ní kí ó wá fi ojú kàn mí. Ilẹ̀ ti ń ṣú lọ.” Mo gbà á, ṣùgbọ́n ó wúwo lọ́wọ́ mi ju àpótí mi lọ.

Ọ̀nà jìn. Láti Èkó, a gba Sèmè, Kútọnu àti Lómé kọjá kí a tó wọ Gánà ní Aflao. Nípa àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà fọwọ́ sí ní 1979, a kò bi mí léèrè físà; ìwé ìrìnnà mi nìkan ni mo fi hàn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ọ̀rẹ́ mi kò ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ó ní, “Ìwọ ni ọjà mi lónìí.” A jẹ kẹ́ńkè, tí mo lè pè ní ìbátan ẹ̀kọ wa, bí ó tilẹ̀ le tí ó sì kan jù ú lọ, pẹ̀lú ẹja díndín àti ata dúdú. Lẹ́yìn náà a wọ ọkọ̀.

Ibojì Kwame Nkrumah ni a kọ́kọ́ dé. Orí pápá yẹn ni ó ti kéde òmìnira Gánà ní ọ̀gànjọ́ òru tí ọjọ́ 6 oṣù kẹta ọdún 1957 wọlé. Òkúta mábù ni a fi kọ́ ilé náà, bí idà tí a dorí rẹ̀ kodò. Ṣùgbọ́n ère kan tí kò ní orí ni ó dá mi dúró. Nígbà tí àwọn ológun gba ìjọba lọ́wọ́ Nkrumah ní oṣù kejì ọdún 1966, a wó ère náà, orí rẹ̀ sì gé kúrò. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀ ni orí náà padà wá. Wọ́n gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀, wọn kò lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn.

A kọjá sí James Town, níbi tí àwọn apẹja ń tún àwọ̀n wọn ṣe. Ní àdúgbò yìí ni ilé àwọn Tabom wà, àwọn ọmọ ẹrú tí ó ti Bùràsíìlì padà dé ní 1836. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ìran Yorùbá. Iṣẹ́ télọ̀ àti kànga gbígbẹ́ wà nínú ohun tí wọ́n bá wá. Gbólóhùn Potogí tí wọ́n fi ń dáhùn ìkíni, pé ara wọn le, ni àwọn Ga sọ di orúkọ wọn. Mo rò ó nínú ọkàn mi pé kò sí ìlú tí ẹ̀jẹ̀ wa kò dé.

Níkẹyìn a dé Makola. Ọ̀rẹ́ mi mú mi dé ibì kan tí ọkọ̀ kún fọ́fọ́, ó ní ibẹ̀ ni ọjà àtijọ́ wà. Mo fa kọ́kọ́rọ́ náà yọ. Ó wò ó, kò sì sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́.

Nígbà tí ó lanu, ó ní ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tàbí kí ó lọ. Bàbá rẹ̀ ti ṣọ́ọ̀bù pa pẹ̀lú aṣọ nínú rẹ̀, ó sì rò pé òun yóò padà. Kò padà mọ́. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1979 ni àwọn ológun wó ọjà náà palẹ̀. “Ilẹ̀kùn tí kọ́kọ́rọ́ yìí ń ṣí kò sí mọ́ láyé.”

Mo bi í pé, “Kí ló wá mú ọ padà sí ìlú tí ó lé bàbá rẹ?”

Ó ní, “Obìnrin Ga kan tí ń ta ẹja ni ó fún ìyá mi ní owó ọkọ̀ lọ́jọ́ náà. Àwọn ọmọ rẹ̀ ni ó gbà mí sílé nígbà tí mo dé. Ìjọba ni ó lé wa. Aládùúgbò kò lé wa. Àwa náà kò ha lé àwọn ará Gánà ní 1983? Orúkọ tí a fún àpò wọn kò tíì kúrò lẹ́nu wa.”

N kò rí èsì fọ̀.

Ní alẹ́, àwọn ọmọ rẹ̀ fi èdè Twi kí mi. Bí mo bá sọ Yorùbá, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń dáhùn. Nígbà náà ni mo jẹ́ iṣẹ́ Màmá. Ọ̀rẹ́ mi tẹrí ba. Ó ti di ọdún mẹ́sàn-án tí ó ti wálé gbẹ̀yìn. Ó ní, “Mo ń dúró de owó tí n ó fi wálé bí ènìyàn.”

Mo ní, “Màmá kò ránṣẹ́ owó. Ojú rẹ ni ó ní kí o mú wá.”

Nígbà tí mo ń bọ̀, ó dá kọ́kọ́rọ́ náà padà fún mi. Ó ní kí n sọ fún Màmá pé òun àti àwọn ọmọ yóò wá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ fúnra àwọn ní Kérésìmesì. Màmá ti so ó padà mọ́ etí ìró rẹ̀, ó sì ń ka oṣù.

Ẹ̀yin oníṣòwò wa tí ẹ wà lẹ́yìn odi, àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ẹ má dúró de ọrọ̀ kí ẹ tó wá kí ìyá yín, nítorí ọrọ̀ lè pẹ́ dé, ìyá kò sì lè dúró títí. Àwa tí a wà nílé pẹ̀lú, kí a rántí obìnrin ẹlẹ́ja náà nígbà tí àjèjì bá kan ilẹ̀kùn wa. Kí Olúwa dá àwọn arìnrìn-àjò wa padà láyọ̀.