Kí Ló Ń Mú Táyà Bẹ́ Nígbà Ẹ̀ẹ̀rùn?

Àwọn ọmọ ti gba ìsinmi. Ẹlòmíì fẹ́ wakọ̀ láti London lọ sí Scotland, ẹlòmíì láti Houston lọ sí Atlanta. Ẹrù kún búùtù, àwọn ọmọ jókòó sẹ́yìn, oòrùn ń ràn. Irú ìrìn àjò báyìí ló ń dán táyà wò jù.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé oòrùn àti títì tó gbóná ló ń mú táyà bẹ́. Wọ́n ń dá kún un lóòótọ́, ṣùgbọ́n ooru tó léwu jù, ara táyà fúnra rẹ̀ ló ti ń wá. Bí táyà ṣe ń yí, ibi tó bá kan ilẹ̀ á tẹ̀; tó bá kúrò nílẹ̀, á nà padà. Tí ọkọ̀ bá ń sá 70 máìlì ní wákàtí kan, èyí ń ṣẹlẹ̀ ní nǹkan bí ìgbà 15 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan! Ẹ mú wáyà kan, kí ẹ máa tẹ̀ ẹ́ síwá sẹ́yìn kíákíá. Á gbóná lọ́wọ́ yín. Bẹ́ẹ̀ náà ni rọ́bà. Tí afẹ́fẹ́ ò bá tó, táyà á máa tẹ̀ jù, ooru á pọ̀ jù, rọ́bà àti wáyà inú rẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í yà kúrò lára wọn. Ẹrù wúwo àti eré àsápajúdé tún ń bù kún un.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà o. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2000, ilé-iṣẹ́ Firestone pe táyà tó tó mílíọ̀nù 6.5 padà ní Amẹ́ríkà, torí pé ojú táyà ń ṣí kúrò lórí eré, ẹ̀mí sì ti ṣòfò. Òfin tí ìjọba ṣe lọ́dún yẹn ló mú kí ọkọ̀ tuntun níbẹ̀ ní iná tó ń kìlọ̀ tí afẹ́fẹ́ táyà bá dínkù. Àmọ́ ẹ má gbójú lé iná yẹn nìkan. Ó lè máà tàn títí afẹ́fẹ́ á fi dín ní ìdá kan nínú mẹ́rin.

Nílé, fọkanáísà ló ń bá wa wò ó lẹ́bàá títì. Níbí ńkọ́? Ọwọ́ ara ẹni la fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe.

Ẹ wọn afẹ́fẹ́ láàárọ̀, kí ọkọ̀ tó rìn. Iye tó yẹ wà lára férémù ilẹ̀kùn awakọ̀ tàbí nínú ìwé ọkọ̀. Èyí tí wọ́n kọ sára táyà, iye tí kò gbọ́dọ̀ kọjá ni. Tí táyà bá ti gbóná, géèjì á fi iye tó ga hàn. Ẹ má jò ó dànù o! Tó bá tutù tán, á ti kéré jù.

Ẹ wo ojú táyà náà. Òfin Britain ní ó gbọ́dọ̀ jìn tó mílímítà 1.6. Ẹ ki owó 20p bọ̀ ọ́: tí etí owó náà bá hàn síta, ẹ tètè gbé ọkọ̀ lọ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ wo ọjọ́ orí rẹ̀ pẹ̀lú. Nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn àmì DOT ló ń sọ ọ́: 2319 ni ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019.

Tó bá wá bẹ́ lórí eré ńkọ́? Ẹ di sítíárì mú ṣinṣin, ẹ má tẹ bíríkì lójijì. Ẹ jẹ́ kí eré rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí ẹ tó yà sẹ́bàá ọ̀nà.

Ìṣẹ́jú díẹ̀ péré ni àyẹ̀wò yìí máa gbà yín. Àlọ ire, àbọ̀ ire o.