Ìwé Oníbodè àti Kọ́kọ́rọ́ Àbẹ̀wò: Èdè-Ìperí fún Ìtọ́jú Ẹ̀rọ Apèsè Java

1. Ìfáárà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Òwe yìí kò mọ sọ́dọ̀ ọmọ tuntun nìkan. Ẹni tí yóò bá sọ ohun èlò ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì lórúkọ ní èdè Yorùbá ní láti kọ́kọ́ wo ilé tí ohun èlò náà ti jáde àti iṣẹ́ tí ó ń ṣe níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ orúkọ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fún un nìkan ni ó wò, ó lè mú ọ̀rọ̀ jáde tí ó dùn létí, ṣùgbọ́n tí yóò ṣi ẹni tí ó fẹ́ lò ó lọ́nà.

Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú apá kìíní *Èdè-Ìperí Yorùbá*, tí ó jáde ní 1984, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládélé Awóbùlúyì sì ṣe ti apá kejì ní 1990, ẹ̀kọ́ nípa èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni ni wọ́n ṣe é fún. Iṣẹ́ ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà ṣì wà nílẹ̀ fún àwọn tí ó ń bọ̀ lẹ́yìn wọn. Iṣẹ́ náà sì ti di kánjúkánjú. Ní Festac Town àti ní àwọn àdúgbò yòókù ní Amúwo-Ọ̀dọ̀fin, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí káàkiri ìpínlẹ̀ Èkó, a ń rí ilé ẹ̀kọ́ tí ń fi èsì ìdánwò hàn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, a sì ń rí oníṣòwò tí ń gba owó ọjà níbẹ̀. Lẹ́yìn irú ojú ìwé bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ apèsè wà, èyí tí ń gba ìbéèrè tí ó sì ń fún ni lésì. Ọ̀kan tí ó gbajúmọ̀ nínú àwọn ètò tí ń ṣe iṣẹ́ yìí ni Tomcat. Èdè Java, tí iléeṣẹ́ Sun Microsystems gbé jáde ní 1995, ni wọ́n fi kọ ọ́. Sun sì fi í lé àjọ Apache lọ́wọ́ ní 1999.

Ohun méjì ni ẹni tí ń tọ́jú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú: ohun tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní "log" àti èyí tí wọ́n ń pè ní "session". Ìtúmọ̀ tí kò péye lórí méjèèjì lè ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún olè.

2. Oníbodè tí ó ń gbàgbé

Ìlànà HTTP, tí ojú ìwé íntánẹ́ẹ̀tì fi ń rìn, kò ní ìrántí. Bí ènìyàn bá tẹ ibì kan lójú ìwé, ìbéèrè kan ti dé ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ apèsè nìyẹn. Bí ó bá tún tẹ ibòmíràn ní ìṣẹ́jú àáyá kan lẹ́yìn náà, ẹ̀rọ apèsè kò mọ̀ pé ẹni àkọ́kọ́ ni ó tún padà dé. Gbogbo ìbéèrè ni ó dà bí àlejò tuntun.

Ẹni tí ó bá mọ Festac dáadáa yóò tètè rí ohun tí èyí jọ. Ọ̀pọ̀ ọ̀nà kéékèèké tí ó ya kúrò lára títì níbẹ̀ ni ó ní géètì, tí ẹ̀ṣọ́ sì ń jókòó tì í pẹ̀lú ìwé kan lọ́wọ́. Ẹni tó dé, wákàtí tí ó dé àti ilé tí ó ń lọ ni ẹ̀ṣọ́ ń kọ sínú ìwé náà. Kí a wá sọ pé oníbodè yìí jẹ́ ẹni tí kì í rántí ojú ènìyàn rárá. Ìwé rẹ̀ kò lè ràn án lọ́wọ́ láti dá àlejò mọ̀ nígbà tí ó bá padà dé. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí ó kù ni pé kí ó fi nǹkan lé àlejò lọ́wọ́, kí àlejò sì máa fi hàn án ní gbogbo ìgbà tí ó bá fẹ́ kọjá.

Ohun tí Lou Montulli ti iléeṣẹ́ Netscape ṣe gan-an nìyí ní 1994, nígbà tí ó dá ohun tí wọ́n ń pè ní "cookie" sílẹ̀. Ẹni tí ó bá túmọ̀ rẹ̀ sí bisikíìtì ti wo orúkọ, kò wo ilé. Ẹ̀rí àfihàn ni: ẹ̀rọ apèsè ń fi í ránṣẹ́, ẹ̀rọ àlejò ń pa á mọ́, ó sì ń dá a padà pẹ̀lú ìbéèrè kọ̀ọ̀kan.

Oníbodè wá ní iṣẹ́ méjì tí kò jọ ara wọn. Ìwé tí ó ń kọ wà fún ẹni tí yóò ṣe ìwádìí lọ́la. Ẹ̀rí tí ó fi lé àlejò lọ́wọ́ wà fún àlejò tí ó ṣì wà nínú ọgbà lónìí. Ìyàtọ̀ yìí ni èdè-ìperí ní láti dáàbò bò.

3. Àkọsílẹ̀ ìṣẹ̀lẹ̀

Nínú ọkọ̀ ojú omi ni "log" ti bẹ̀rẹ̀. Ìtì igi ni ọ̀rọ̀ náà ń tọ́ka sí. Àwọn atukọ̀ ayé àtijọ́ máa ń so igi mọ́ okùn tí a ta ní kókó, wọn a jù ú sínú omi, wọn a sì ka iye kókó tí ó bá jáde láàárín àkókò kan láti mọ bí ọkọ̀ ti ń yára tó. Ìwé tí wọ́n ń kọ iye náà sí ni ó jogún orúkọ igi, títí tí ó fi wá di ìwé gbogbo ohun tí ó bá ṣẹlẹ̀ nínú ọkọ̀. Àwọn ọkọ̀ tí ń gúnlẹ̀ sí èbúté Tin Can Island, tí kò jìnnà sí Festac, ṣì ń ní irú ìwé bẹ́ẹ̀. Igi ti lọ, ìwé ni ó kù. Nítorí náà "àkọsílẹ̀ ìṣẹ̀lẹ̀" ni ó yẹ ní Yorùbá. "Ìtì igi" kò lè bá a mu.

Oríṣi méjì ni ó wà lórí Tomcat. Èkínní ni àkọsílẹ̀ ìwọlé, tí ń sọ ibi tí ìbéèrè kọ̀ọ̀kan ti wá, àkókò tí ó dé, ohun tí ó béèrè àti èsì tí ó gbà. Èkejì ni àkọsílẹ̀ iṣẹ́ inú, níbi tí ẹ̀rọ ti ń sọ ìlera ara rẹ̀. Ìpele méje ni èyí ní: SEVERE, WARNING, INFO, CONFIG, FINE, FINER àti FINEST. SEVERE ni ewu ńlá, WARNING ni ìkìlọ̀, INFO ni ìfitónilétí, CONFIG sì ni ọ̀rọ̀ nípa ètò.

Ní orí FINE ni ọ̀pọ̀ ti lè kọsẹ̀. Ẹni tí ó bá túmọ̀ rẹ̀ sí "ó dára" yóò mú kí òṣìṣẹ́ rò pé ara ẹ̀rọ le. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Kíkéré bí ìyẹ̀fun tí a kù dáadáa ni ìtúmọ̀ rẹ̀ níbí: ẹ̀rọ ń ròyìn lẹ́sẹẹsẹ, láì fi ohunkóhun sílẹ̀. Yorùbá kúkú ní ọ̀rọ̀ tí ó bá a mu ní ìtumọ̀, tí ó sì fẹ́ jọ ọ́ ní ìró, èyíinì ni "fínnífínní". FINER yóò jẹ́ "fínnífínní sí i", FINEST yóò sì jẹ́ "fínnífínní jù lọ". Ẹni tí ó bá mọ èyí kò ní fi ẹ̀rọ sílẹ̀ ní ìpele fínnífínní jù lọ lójoojúmọ́, nítorí pé ìròyìn tí ó pọ̀ jù a máa bo èyí tí ó ṣe pàtàkì mọ́lẹ̀. Bákan náà, bí a kò bá sọ iye ọjọ́ tí Tomcat yóò fi tọ́jú àkọsílẹ̀ ìwọlé, kò ní pa èyí tí ó ti gbó rẹ́ láé. Yóò máa kó o jọ títí tí àyè yóò fi tán.

4. Sáà, ìjókòó tàbí àbẹ̀wò?

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni ó ń du ipò "session". "Sáà" ni ti ilé ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n kàlẹ́ńdà ni ó ń pín sáà, ìgbà kan náà ni ó sì ń bẹ̀rẹ̀ fún gbogbo ènìyàn. "Ìjókòó" ni ti ilé ẹjọ́ àti ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, ṣùgbọ́n ìpéjọ ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń mú wá sọ́kàn. "Àbẹ̀wò" ni ó sún mọ́ ọn jù. Ẹnì kan ni ó ń ṣe àbẹ̀wò. Ó lè sọ ọ̀rọ̀ púpọ̀ nínú àbẹ̀wò kan ṣoṣo. Àlejò tí a kò tíì mọ orúkọ rẹ̀ pàápàá lè ṣe é. Ìdágbére ni ó sì ń parí rẹ̀.

Bí àlejò kò bá dágbére ńkọ́? Ìdí nìyí tí "timeout" fi wà. Bí ènìyàn bá pè é ní "òpin àkókò", àwọn òǹkàwé yóò rò pé láti ìgbà tí àlejò ti wọlé ni ẹ̀rọ ti ń kà á. Ìgbà tí ó sọ̀rọ̀ kẹ́yìn gan-an ni ìkà ti ń bẹ̀rẹ̀, gbogbo ìbéèrè tuntun sì ń dá a padà sí ìbẹ̀rẹ̀. "Gbèdéke ìdákẹ́" ni ó ṣàlàyé rẹ̀ tán. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni Tomcat yàn fún un nínú web.xml. Bí ẹnikẹ́ni bá yí i padà sí òdo, tí ó rò pé àbẹ̀wò yóò parí lójú ẹsẹ̀, òdìkejì ni yóò rí: òdo túmọ̀ sí pé kò sí gbèdéke rárá.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àwàdà ní Festac. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún yìí, àwọn sáíbà-kafé pọ̀ níbẹ̀, débi pé ìwé ìròyìn *Los Angeles Times* kọ̀wé ní 2005 nípa àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ tí ń fi íntánẹ́ẹ̀tì lu jìbìtì. Ẹ̀rọ kan náà ni oníbàárà mẹ́wàá lè lò lóòjọ́ ní irú ilé bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó dìde láì dágbére fi àbẹ̀wò rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni tí ó jókòó tẹ̀ lé e. Gbèdéke ìdákẹ́ tí ó gùn jù ni aago tí ń ṣiṣẹ́ fún olè.

5. Nọ́ńbà kọ́, kọ́kọ́rọ́ ni

Ohun tí Tomcat fi ń dá àbẹ̀wò mọ̀ ni JSESSIONID. Ìdánwò ńlá ni fún olùtúmọ̀ láti pè é ní "nọ́ńbà ìdánimọ̀", nítorí pé ohun tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì pè é nìyẹn. Ṣùgbọ́n kí ni nọ́ńbà lójú ará Festac? Ìlú tí ìjọba àpapọ̀ kọ́ fún àwọn àlejò àjọ̀dún FESTAC, tí ó wáyé láti ọjọ́ 15 oṣù kìíní sí ọjọ́ 12 oṣù kejì, 1977, ni. Nọ́ńbà ni wọ́n fi sọ ọ̀pọ̀ títì rẹ̀ lórúkọ, lẹ́tà ni wọ́n sì fi sọ àwọn ọ̀nà kéékèèké inú rẹ̀. Gbogbo ẹni tí ó bá fẹ́ kí a wá kí òun ni ó ń sọ nọ́ńbà wọ̀nyí fún ni. Kì í ṣe àṣírí.

JSESSIONID jẹ́ àṣírí. Lẹ́yìn tí àlejò bá ti fi ọ̀rọ̀ ìpamọ́ wọlé, ẹ̀rọ apèsè kò tún béèrè rẹ̀ mọ́. JSESSIONID nìkan ni ó ń wò. Ẹni tí ó bá rí i lò ti di onílé. Nítorí náà, "kọ́kọ́rọ́ àbẹ̀wò" ni ó yẹ kí ó máa jẹ́. Bí orúkọ bá ti rí báyìí, àwọn ètò tí ó yí i ká yóò yé ènìyàn láìsí wàhálà. Kí ni ìdí tí Tomcat fi ń pààrọ̀ rẹ̀ nígbà tí àlejò bá fi orúkọ rẹ̀ wọlé? Kí kọ́kọ́rọ́ tí ẹlòmíràn ti lè rí ṣáájú má ṣe ṣí ilé náà. Kí ni ìdí tí kò fi yẹ kí ó wà ní ìdí àdírẹ́ẹ̀sì ojú ìwé? Nítorí pé àwọn ènìyàn a máa fi àdírẹ́ẹ̀sì ránṣẹ́ sí ara wọn.

Ibi tí àkọsílẹ̀ àti àbẹ̀wò ti pàdé ni ewu tí ó ga jù ti wà. Nínú ètò àkọsílẹ̀ ìwọlé Tomcat, %s tí a fi lẹ́tà kékeré kọ ń pàṣẹ pé kí ẹ̀rọ kọ irú èsì tí ó fún àlejò. %S tí a fi lẹ́tà ńlá kọ ń pàṣẹ pé kí ó kọ kọ́kọ́rọ́ àbẹ̀wò. Ẹni tí ó mọ Yorùbá kọ kò ní fi èyí ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí pé àmì kékeré abẹ́ lẹ́tà ni ó ya ẹni tí a ní ó "sá" aṣọ sóòrùn sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tí a ní ó fi àdá "ṣá" a. Oníbodè tí ó bá kọ %S sínú ètò rẹ̀ ti so kọ́kọ́rọ́ gbogbo àlejò mọ́ ìwé tí ó ṣí sílẹ̀ lórí tábìlì. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ka ìwé náà kí gbèdéke ìdákẹ́ tó pé lè wọlé.

6. Àgbálọgbábọ̀

Àwọn ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí àwọn olùkọ́ àti olùtúmọ̀ gbé yẹ̀ wò nìyí:

*Àkọsílẹ̀ ìṣẹ̀lẹ̀*: ìwé tí ẹ̀rọ ń kọ fún ìwádìí ọjọ́ iwájú.
*Ìpele àkọsílẹ̀*: bí ìròyìn ti ṣe pàtàkì tàbí ti ṣe fínnífínní tó.
*Ẹ̀rí àfihàn*: ohun tí ẹ̀rọ àlejò ń pa mọ́ tí ó sì ń dá padà.
*Àbẹ̀wò*: gbogbo ìbéèrè àlejò kan láti ìwọlé títí dé ìdágbére.
*Gbèdéke ìdákẹ́*: iye àkókò tí àlejò lè fi dákẹ́ kí àbẹ̀wò tó parí.
*Kọ́kọ́rọ́ àbẹ̀wò*: àṣírí tí ń fún àlejò ní àyè láti tún wọlé.

Orúkọ a máa ro ọmọ. Òṣìṣẹ́ tí a kọ́ pé nọ́ńbà ni JSESSIONID yóò kọ ọ́ sínú ìwé láìfòyà, gẹ́gẹ́ bí a ti ń kọ nọ́ńbà ilé. Èyí tí a kọ́ pé kọ́kọ́rọ́ ni kò ní dúró de ẹni tí yóò kìlọ̀ fún un kí ó tó pa á mọ́.