Ọ̀nà tó pa rọ́rọ́, ọ̀nà tó dahoro: ibi tí kẹ̀kẹ́ lè gbà ní àríwá Èkìtì

Ní Odò-Orò, ẹni tó bá jí jáde ní aago mẹ́fà àárọ̀ lásìkò ọyẹ́ lè gbọ́ kíkọ àkùkọ láti ojúlé kẹwàá kó tó gbọ́ ìró ọkọ̀ kan ṣoṣo. Eruku ọyẹ́ á ti bo orí òkè bí èéfín, ọ̀nà á sì pa rọ́rọ́. Ní ilẹ̀ Faransé, nítorí irú àárọ̀ bẹ́ẹ̀ ni àwọn ènìyàn ṣe ń ti Jámánì àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì di ẹrù mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, tí wọ́n á fi ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì gùn ún láti abúlé dé abúlé. Àríwá Èkìtì ní òkè, ó ní afẹ́fẹ́ tútù, ó ní ìlú kéékèèké tó súnmọ́ra. Kẹ̀kẹ́ ológeere ló ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lójú ọ̀nà.

Ó yẹ ká bi ara wa léèrè ohun tó fà á, nítorí ọ̀rọ̀ náà ju eré ìdárayá lọ.

Ọjọ́ mẹ́ta lọ́dún

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé owó ìjọba nìkan ló sọ ọ̀nà abúlé Faransé di ohun àpéwò. Owó wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìtàn náà ti pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1836, wọ́n ṣe òfin kan tó gbé ìtọ́jú àwọn ọ̀nà tó so abúlé mọ́ abúlé lé àwọn ará ibẹ̀ lọ́wọ́. Ìlú lè bu iṣẹ́ ọ̀nà fún àwọn olórí ilé, kò gbọdọ̀ ju ọjọ́ mẹ́ta lọ lọ́dún. Ẹni tí kò bá lè ṣe é á san owó dípò. Àgbàlagbà Èkìtì kò ní ya ẹnu sí èyí. Ó mọ̀ pé àwọn ọ̀dọ́ ló máa ń kó àdá àti ọkọ́ jáde láti yẹ ọ̀nà oko àti ọ̀nà ìlú kejì, àti pé ẹni tó bá jókòó sílé lọ́jọ́ náà, owó ìtanràn ń bọ̀ wá bá a. Ìyàtọ̀ ni pé àwọn Faransé kọ tiwọn sínú ìwé òfin.

Nígbà tó di ọdún 1936, ìjọba Faransé fún àwọn òṣìṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ méjì ìsinmi tí wọn kò ní yọ owó rẹ̀ kúrò nínú owó iṣẹ́ wọn, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì fò sórí kẹ̀kẹ́, ó di ìgbèríko. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, òpópónà ńlá dé, ó kó ọkọ̀ akẹ́rù kúrò lórí àwọn ọ̀nà kéékèèké. Ọ̀dọ́ abúlé ṣí lọ sí ìlú ńlá. Ohun tó kù sílẹ̀ ni ọ̀nà ọlọ́dà tó so gbogbo abúlé pọ̀, tí ọkọ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ gbà mọ́. Kódà ojú irin tí wọ́n pa tì wúlò: ní 1997, wọ́n sọ ojú irin àtijọ́ láàárín Givry àti Cluny di ọ̀nà ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ àti ẹlẹ́sẹ̀. Lónìí, ọ̀nà kẹ̀kẹ́ tó tẹ̀ lé odò Loire gùn tó nǹkan bíi kìlómítà 900. Òfin wọn sì sọ pé awakọ̀ tó bá fẹ́ kọjá lára ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ lẹ́yìn ìlú gbọ́dọ̀ fi àyè mítà kan àtààbọ̀ sílẹ̀ láàárín wọn.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbàgbé mítà kan àtààbọ̀ yẹn.

Kẹ̀kẹ́ ti gbé wa rí

Kì í ṣe pé a ń bẹ̀rẹ̀ ohun tuntun. Lẹ́yìn tí Dunlop ṣe táyà tó ń gba afẹ́fẹ́ sínú ní Belfast ní 1888, kẹ̀kẹ́ kò fọ́ egungun ẹni tó ń gùn ún mọ́, ó sì di ohun tó lè gba ojú ọ̀nà eléruku àti olókùúta. Ilé iṣẹ́ Raleigh, tó bẹ̀rẹ̀ ní Nottingham ní àwọn ọdún 1880, ló gba ọkàn àwọn ènìyàn wa jù. Táyà ínṣì 28, irin dúdú, aago lórí ọwọ́, káríà lẹ́yìn. Owó kòkó ló rà á. Tíṣà ń gùn ún, katikíìsì ń gùn ún, wolé-wolé ń gùn ún yọ sí àwọn tí kò gbá àyíká wọn, ẹni tó ń ra kòkó ń fi í wọ abà lọ. Ọkùnrin tó ní kẹ̀kẹ́ nígbà náà, wọ́n máa ń fi kún oríkì rẹ̀ lójú agbo.

Irin sì ni, irin kì í ṣe àlejò ní agbègbè yìí. Ìrè-Èkìtì, níbi tí ìtàn sọ pé Ògún wọlẹ̀ sí, wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀yẹ́. Alágbẹ̀dẹ tó mọ àdá rọ kò ní pẹ́ kó tó mọ bí wọ́n ṣe ń jó férémù kẹ̀kẹ́ pọ̀.

Alùpùpù ló lé kẹ̀kẹ́ kúrò. Ọ̀kadà, tó gba orúkọ rẹ̀ lára ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú Okada Air ti àwọn ọdún 1980, ń yára, ó ń gun òkè láìmí gúlegúle, kò sì sọ pé kí o làágùn. Ọmọ tó dàgbà lẹ́yìn ìgbà náà ka kẹ̀kẹ́ sí ohun ìṣeré tàbí àmì òṣì. Èyí dùn mí púpọ̀, nítorí láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, lítà epo tí kò tó ₦200 tẹ́lẹ̀ fò kọjá ₦500, ó sì ti kọjá ₦1,000 nínú ọdún 2024. Àgbẹ̀ tó ń san owó ọ̀kadà lọ sí oko kìlómítà márùn-ún lójoojúmọ́ mọ ohun tí mò ń sọ.

Òkè ńkọ́?

Ohun àkọ́kọ́ tí ará Èkìtì máa ń sọ bí a bá dárúkọ kẹ̀kẹ́ ni pé òkè ti pọ̀ jù. Ọ̀rọ̀ náà ní òótọ́ nínú, ẹ jẹ́ ká sì wọ̀n ọ́n. Bí ènìyàn pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ rẹ̀ bá wúwo tó kílò 80, tí wọ́n sì gun òkè tó ga ní mítà 100, iṣẹ́ tí wọ́n ṣe dọ́gba pẹ̀lú gbígbé àpò sìmẹ́ǹtì kan sókè ní mítà 160. Kò sí ọgbọ́n tó lè yọ nínú iṣẹ́ yẹn.

Ohun tí a lè ṣe ni ká pín in. Kẹ̀kẹ́ àtijọ́ ní jíà kan ṣoṣo. Bí o bá tẹ ẹsẹ̀ yípo lẹ́ẹ̀kan, ó ti gbé ọ lọ ní nǹkan bíi mítà márùn-ún. Ó dára lórí ilẹ̀ títẹ́jú, ṣùgbọ́n ní ẹsẹ̀ òkè, orúnkún á fẹ́ yọ. Ìdí nìyẹn tí àwọn bàbá wa fi máa ń sọ̀ kalẹ̀ tì í. Kẹ̀kẹ́ oníjíà púpọ̀ máa ń gbé ṣéènì lọ sórí eyín tó tóbi lẹ́yìn, tí ìyípo ẹsẹ̀ kan kò fi ní gbé ọ ju mítà méjì lọ. Agbára tí ẹsẹ̀ nílò á dínkù, iye ìgbà tí á yípo á pọ̀ sí i. Bí ìgbà tí ẹnì kan kò lè ru ọgbọ̀n iṣu lẹ́ẹ̀kan náà, tó wá rù ú ní mẹ́fà mẹ́fà: iṣu náà ló dé ilé, ọrùn kò sì kán.

Lórí ilẹ̀ títẹ́jú, ẹ̀rọ kékeré yìí yani lẹ́nu. Agbára tí ènìyàn fi rin kìlómítà kan lè gbé e tó kìlómítà mẹ́rin sí márùn-ún lórí kẹ̀kẹ́, nítorí ìjókòó ló gbé ìwúwo ara, táyà tó kún kò sì fi bẹ́ẹ̀ há mọ́lẹ̀. Afẹ́fẹ́ ni ọ̀tá tó kù. Lásìkò ọyẹ́, àríwá ìlà-oòrùn ni ó ti ń fẹ́ wá. Ẹni tó bá ti Ìkọ̀lé kọrí sí Ọ̀yẹ́, Ìfàkì àti Ìdó, afẹ́fẹ́ á máa tì í lẹ́yìn. Bó bá ń padà bọ̀, á gbà á lójú. Kó yáa tètè jáde láàárọ̀.

Ìdákẹ́ méjì

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le gan-an la dé yìí. Títì ńlá tó ti Adó gba Ìfàkì, Ọ̀yẹ́ àti Ìkọ̀lé lọ sí Òmùò, ọkọ̀ akẹ́rù ló ni ín, kì í ṣe ibi tí mo lè ní kí ọmọ mi gun kẹ̀kẹ́ lọ. Àwọn ọ̀nà tó yà lára rẹ̀ ni kò ní ariwo. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 29 oṣù Kìíní ọdún 2024, ní apá Ìpaò àti Òkè-Àkó, àwọn agbébọn dá ọkọ̀ àwọn ọba dúró, wọ́n sì pa ọba Imojo àti ọba Esun. Orí adé méjì, lọ́jọ́ kan ṣoṣo, lórí irú ọ̀nà jẹ́jẹ́ tí mò ń yìn láti òkè wá.

Yorùbá kì í da ọ̀rọ̀ méjì yìí pọ̀. Ibi tó pa rọ́rọ́, ènìyàn wà níbẹ̀, ara wọn ló balẹ̀. Ibi tó dahoro, ènìyàn ti sá kúrò. Ọ̀nà abúlé Faransé pa rọ́rọ́ nítorí pé ní gbogbo kìlómítà mélòó kan, ẹnìkan wà tó ń ṣe búrẹ́dì, ẹnìkan ń ro oko àjàrà, wọ́n sì ń rí ẹni tó ń kọjá. Àwọn ọ̀nà wa náà rí bẹ́ẹ̀ nígbà tí abà kún láàárín ìlú méjì, tí arìnrìn-àjò kò lè rìn jìnnà kó má gbọ́ “Ẹ kú ìrìn o!” láti inú ebè. Nígbà tí àgbẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í sá kúrò ní abà nítorí ajínigbé, ojú tó ń ṣọ́ ọ̀nà ló ń lọ yẹn. Wọ́n dá ẹ̀ṣọ́ Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 2020, iṣẹ́ wọn sì pọn dandan, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ẹ̀ṣọ́ tó kọjá lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ kò lè rọ́pò ìdílé mẹ́wàá tó ń gbé etí ọ̀nà.

Nítorí náà, mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni kó dá gun kẹ̀kẹ́ gba ọ̀nà Òkè-Àkó. Ibi tí mo rò pé ó yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀ ni àwọn ibi tí ènìyàn ṣì pọ̀ sí: láàárín Odò-Orò àti Ìkọ̀lé, láàárín Ìdó àti Ùsì, àti ní ẹnu ọ̀nà ọgbà tí Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ Ọ̀yẹ́-Èkìtì ní ní Ìkọ̀lé, níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń san owó ọ̀kadà láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́.

Àwọn ọ̀dọ́ ilẹ̀ Áfíríkà kò ṣàìmọ kẹ̀kẹ́ gùn. Ní 2024, Biniam Girmay ti Eritrea borí ní ìpele mẹ́ta nínú Tour de France, aláwọ̀ dúdú Áfíríkà àkọ́kọ́ tó ṣe irú rẹ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, Kigali gba àlejò ìdíje kẹ̀kẹ́ àgbáyé, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn ní Áfíríkà. Ese Ukpeseraye tiwa náà dé Olympics ní Paris ní 2024. Kẹ̀kẹ́ tó fi díje nínú pápá, ó yá a lọ́wọ́ àwọn ará Jámánì ni.

Lọ́jọ́ tí ìlú bá tún kéde pé kí àwọn ọ̀dọ́ jáde wá yẹ ọ̀nà, àdá wọn sábà máa ń dúró ní etí ọ̀dà. Kí wọ́n wọ inú koríko síwájú sí i ní mítà kan àtààbọ̀, lápá ọ̀tún àti lápá òsì, kí wọ́n sì tẹ ilẹ̀ ibẹ̀ kó dán. Ọmọ iléèwé tó gbé kẹ̀kẹ́ ti Odò-Orò bọ̀ á rí ibi gbà.