Alùfáà Samuel Johnson àti Ìwé Ìtàn Rẹ̀ tí ó Sọnù

Bí a bá dárúkọ Alùfáà Samuel Johnson, ìwé ìtàn Yorùbá tí ó kọ ni ó máa ń wá sí ọkàn wa. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí àwa tí a ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ mọ̀ pé olùkọ́ ọmọdé ni ó kọ́kọ́ jẹ́, àti pé díẹ̀ ni ó kù kí ìwé náà má dé ọwọ́ wa rárá.

Ní Hastings, ní ilẹ̀ Sàró, ni a bí i sí ní ọjọ́ 24 oṣù June, ọdún 1846. Ìran Aláàfin Abíọ́dún ni Henry baba rẹ̀, ẹni tí òwò ẹrú gbé kúrò nílé. Nígbà èwe Johnson ni ìdílé náà wá sí Ìbàdàn láti bá Alùfáà David Hinderer ṣiṣẹ́. Láti 1862 dé 1865 ó wà ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ní Abẹ́òkúta lábẹ́ Alùfáà Bühler. Lẹ́yìn náà ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní Kúdẹtì àti Arẹ̀mọ ní Ìbàdàn. A fi í jẹ díákónì ní 1880, a sì fi í jẹ àlùfáà ní 1888, nígbà tí ó ti ń ṣe olùṣọ́ àgùntàn ìjọ ní Ọ̀yọ́.

Ogun Kírìjì bẹ́ sílẹ̀ ní 1877: Ìbàdàn ní ìhà kan, Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà ní ìhà kejì. Ní 1881, nípasẹ̀ Johnson ni Aláàfin Adéyẹmí fi bẹ ìjọba Èkó pé kí wọ́n wá là á. Ní 1886 Gómìnà Moloney rán òun àti Alùfáà Charles Phillips sí àgọ́ ogun méjèèjì. Wọ́n ń lọ, wọ́n ń bọ̀, láàárín àwọn balógun tí kò fẹ́ rí ojú ara wọn, títí tí tọ̀tún tòsì fi fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà ní ọdún náà.

Ó rí i pé àwọn ọ̀mọ̀wé wa mọ ìtàn Róòmù àti ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọn kò sì mọ ti baba wọn. Nítorí náà ni ó ṣe ń jókòó ti àwọn àgbà. Lọ́wọ́ àwọn arọ́kin Ọ̀yọ́ ni ó ti gbọ́ ti àtijọ́. Ní ti ìgbà tí ó sún mọ́ wa, ó bi àwọn tí ọ̀ràn ṣojú wọn léèrè, àwọn bíi Lágùnjú, Tìmì Ẹdẹ, àti Baba David Kúkọ̀mí, àgbà ìjọ Ìbàdàn. Òótọ́ ni pé ojú Ọ̀yọ́ ni ó fi wo ọ̀pọ̀ nǹkan, kò sì yẹ kí ó ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu bí àwọn ìlú mìíràn bá bá a jiyàn. Síbẹ̀, ta ni ìbá ti gba ọ̀rọ̀ àwọn àgbà wọ̀nyí sílẹ̀ kí wọ́n tó kú?

Ó parí iṣẹ́ náà ní 1897. Ní 1899 a fi ìwé àfọwọ́kọ náà ránṣẹ́ sí òǹtẹ̀wé kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, a kò sì gbúròó rẹ̀ mọ́. Iṣẹ́ ohun tí ó ju 20 ọdún lọ! Ní oṣù April 1901 Johnson kú.

Dókítà Obadiah Johnson, àbúrò rẹ̀, oníṣègùn ní Èkó, kó àwọn àkọsílẹ̀ tí ó ṣẹ́kù jọ, ó sì tún ìwé náà kọ. Nígbà tí ó fi í ránṣẹ́ nínú ọkọ̀ Appam ní 1916, ogun ńlá ń lọ lọ́wọ́. Àwọn ará Jámánì mú ọkọ̀ náà lójú òkun, wọ́n sì wà á lọ sí Amẹ́ríkà. Ó tó bí ọdún méjì kí ìwé náà tó dé ọwọ́ àwọn atẹ̀wé. Ní 1921 ni ó jáde. Dókítà náà ti kú ní 1920.